Ta Ló Ni Àṣírí Tó Wà Lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́?

Lónìí, n kò ní tú odù kan pàtó bí mo ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ni mo fẹ́ sọ, àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọ̀rọ̀ wa jọ sínú ẹ̀rọ wọn, àti ti àwọn aṣèwádìí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wọlé wò ó. Ṣé ká ṣí i fún wọn ni, àbí ká tì í pa? Ẹ fara balẹ̀, ẹ óò rí ibi tó ti kan iṣẹ́ tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti lọ dífá rí mọ̀ pé ẹni tó wá kì í kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé e dé fún babaláwo. Owó ni yóò mú, yóò gbé e súnmọ́ ẹnu, yóò sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò wá fi í lélẹ̀ níwájú Ifá. Babaláwo ò gbọ́ nǹkan kan. Yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀, yóò ki ohun tó jáde, ẹni tó jókòó ni yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá tirẹ̀ mu. Bó bá wù ú, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lanu sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí kí wọ́n lè dán babaláwo wò ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni mò ń rí i pé ààbò ni. Ohun tí n kò gbọ́, ọtí ò lè mú mi sọ ọ́, ìbínú náà ò sì lè mú mi fi bú ẹni tó ni ín.

Lóde òní, kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ sí owó, ó ti sọ ọ́ sí fóònù. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò dé, kò tíì sọ fún ọkọ, kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀, ó ti béèrè lọ́wọ́ Google láago méjì òru. Ọkùnrin tí agbára rẹ̀ ò gbé ohun tó yẹ kó gbé mọ́, ibẹ̀ náà ló ń lọ. Ẹni tó jẹ gbèsè ńkọ́? Ọmọdébìnrin tó rò pé òun ò rẹwà ńkọ́? Owó kì í gbọ́, kì í kọ̀wé. Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago àti àdúgbò tí o wà, kì í sì í gbàgbé. Gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tó ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn, torí ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ AOL ní Amẹ́ríkà kó nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù ìbéèrè tí àwọn oníbàárà wọn ti tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìwákiri láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n gbé e síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ni ìbéèrè wọ̀nyí tó 650,000. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ní kí àwọn aṣèwádìí rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí àwọn oníròyìn New York Times fi rí ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Àwọn ìbéèrè tí ìyá náà ti béèrè nípa àìsàn, nípa ìlú rẹ̀, nípa àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, àwọn ló júwe ilé rẹ̀. AOL tọrọ àforíjì, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Àwọn èèyàn ti dà á kọ káàkiri.

Ní ọdún yẹn kan náà, Netflix ní àwọn yóò fún ẹni tó bá lè mọ fíìmù tí èèyàn yóò fẹ́ràn ju bí ẹ̀rọ àwọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Wọ́n wá kó ohun tí àwọn oníbàárà bíi 480,000 sọ nípa fíìmù síta, láìsí orúkọ. Arvind Narayanan àti Vitaly Shmatikov, tí wọ́n wà ní yunifásítì ní Texas nígbà náà, fi í wé ohun tí àwọn kan ti fi orúkọ ara wọn kọ sí gbangba níbòmíràn nípa fíìmù, wọ́n sì dá àwọn kan mọ̀. Ẹ lè ní kí ló kan ayé nínú fíìmù tí èèyàn wò. Ẹ dákẹ́ ná. Fíìmù tí o ń wò nìkan ní yàrá lè sọ ẹ̀sìn rẹ, ó lè sọ irú ẹni tí o ń bá sùn. Kódà ṣáájú ìgbà yẹn, Latanya Sweeney ti fi hàn pé ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, mẹ́ta péré, ti tó láti ya nǹkan bí 87 nínú 100 ará Amẹ́ríkà sọ́tọ̀.

Èyí jẹ́ kí n ronú nípa ẹsẹ Ifá. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, kí ni ẹsẹ Ifá bí kò ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tó wá dífá? Awo tó dá a, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó mú un wá, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bó rú u tàbí kò rú u, ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ohun tí aṣèwádìí òde òní ń wá ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà, ẹni tó ni ín ti pòórá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ di ẹyẹ, wọ́n ti sọ ọ́ di igi, wọ́n ti sọ ọ́ di ọba tí kò sẹ́ni tó mọ ibojì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi bú ọmọ rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí William Bascom dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1937, wọ́n ki ẹsẹ fún un, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969. Mi ò gbọ́ pé ìyẹn kó ìtìjú bá ẹbí kankan.

Inú mi ì bá dùn bí mo bá lè dúró síbí kí n ní àwọn baba wa ti yanjú rẹ̀. Rárá o. Ohun tó mú tiwọn ṣeé ṣe ni pé ọjọ́ ti pẹ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún, igba ọdún, ẹnu ń gbà á lọ́wọ́ ẹnu títí gbogbo ohun tó lè tọ́ka sí èèyàn fi já dànù. Dátà tó wà lọ́wọ́ Facebook tàbí TikTok, ti àná ni. Ẹni tó ni ín ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti Cambridge Analytica, torí ó kan wa nílé. Olùkọ́ kan ní Yunifásítì Cambridge, Aleksandr Kogan, ṣe áàpù kan tó ń bi èèyàn léèrè nípa ìwà rẹ̀. Nǹkan bí èèyàn 270,000 ló gbà á. Ṣùgbọ́n Facebook ìgbà náà fàyè gba kí áàpù kó dátà ọ̀rẹ́ ẹni tó gbà á pẹ̀lú, Facebook fúnra rẹ̀ sì wá sọ pé iye tó kàn lè tó 87 mílíọ̀nù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹnì kan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tí kò mọ nǹkan kan tó bá a lọ. Dátà náà dé ọwọ́ Cambridge Analytica, àwọn tó ń ta ọgbọ́n ìdìbò. Àṣírí tú ní oṣù kẹta 2018. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ti bá àwọn kan ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lórí ìdìbò 2015, láti ba Buhari lórúkọ jẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ò mọ̀ nípa ìyẹn níbí yìí. Lójú tèmi, ẹni tó gbé epo, ẹni tó gbà á, àti onílé tó fi àkàbà sílẹ̀ láti gun àjà, ọgbọọgba ni wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà rèé. Látìgbà náà, bí aṣèwádìí bá ti kanlẹ̀kùn, ohun tí ilé-iṣẹ́ á fi dáhùn ni, «A ò lè ṣe é, àṣírí àwọn oníbàárà wa là ń bò.» Ó dùn létí. Ó dà bíi babaláwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe.

Lóṣù kìíní 2012, Facebook yí ohun tí àwọn èèyàn 689,003 ń rí padà fún ọ̀sẹ̀ kan, láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ á ran ẹni tó ń kà á. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè. Ọdún 2014 la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 2021, Frances Haugen kó ìwé inú ilé wọn jáde, a sì rí i pé àwọn aṣèwádìí tiwọn fúnra wọn ti sọ fún wọn pé Instagram ń mú kí ara tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé wọ̀ túbọ̀ máa ni wọ́n lára. Wọ́n mọ̀. Wọ́n tì í mọ́nú àpótí. Lọ́dún yẹn kan náà, lóṣù kẹjọ, wọ́n ti àkáǹtì Laura Edelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì New York. Iṣẹ́ wo ni àwọn yẹn ń ṣe? Àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn ló fi ẹ̀rọ kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà wọn, ó ń kó ìpolówó òṣèlú tí Facebook fi ń hàn wọ́n jọ. Facebook ní ti àṣírí ni, pé ìjọba ló pa á láṣẹ fún àwọn lẹ́yìn ẹjọ́ tó já sí owó ìtanràn bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ní 2019. Àjọ ìjọba náà, FTC, kọ̀wé padà pé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀, pé àṣẹ náà kò dí ìwádìí tó mọ́ lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2021 yẹn náà ni àṣìṣe kan tú síta nínú dátà tí wọ́n ti ń fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n látìgbà pípẹ́: nǹkan bí ìdajì àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lo Facebook ni kò sí nínú rẹ̀. Àwọn kan ti fi ọdún gbáko ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Twitter ti ilẹ̀kùn ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní 2023, wọ́n ní kí aṣèwádìí máa sanwó. Facebook pa CrowdTangle tì ní oṣù kẹjọ 2024.

Nítorí náà mo ń béèrè: àṣírí ta gan-an ni wọ́n ń bò? Àṣírí méjì ló wà nínú àpótí kan. Èyí àkọ́kọ́ ni ohun tí èmi àti ẹ̀yin sọ fún wọn. Èkejì ni ohun tí àwọn fi ọ̀rọ̀ wa ṣe. Wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n wá fi èyí àkọ́kọ́ di ẹnu ọ̀nà fún èkejì. Babaláwo tó bá sọ pé òun ò lè jẹ́ kí wọ́n yẹ oògùn tí òun ń fún èèyàn wò torí pé àṣírí aláìsàn ni, ẹ óò sá fún un, àbí ẹ ò ní sá?

Bí ilẹ̀kùn bá sì wà ní títì pa, a ní ohun tá à ń pàdánù. Bí èèyàn méje bá wá bá mi láàárín oṣù kan láti òpópónà kan náà, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ inú rírun àwọn ọmọ wọn, ẹ ò ní fẹ́ kí n dákẹ́ kí n ní àṣírí ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n màá lọ bá àwọn tó ń bójú tó kànga àdúgbò yẹn. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ ríri ba Port-au-Prince jẹ́ ní Haiti lóṣù kìíní 2010, ilé-iṣẹ́ fóònù Digicel jẹ́ kí àwọn aṣèwádìí láti Sweden wo ibi tí 1.9 mílíọ̀nù síìmù ń gbà lọ. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti mọ ibi tí àwọn èèyàn sá lọ àti iye wọn, kí ìrànwọ́ lè tọ̀ wọ́n lọ. Nígbà tí kọ́lẹ́rà tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n lò ó láti mọ ọ̀nà tí àwọn èèyàn gbà kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnì kan tó jáde.

Ọgbọ́n náà wà, kì í ṣe pé kò sí. Èyí tó wù mí jù ni èyí tí Stanley Warner kọ́kọ́ gbé jáde ní 1965. Ẹ̀yà rẹ̀ tó rọrùn jù ni màá sọ. Ká ní o fẹ́ mọ iye èèyàn tó ti ṣẹ́yún rí nínú 100. Kò sí ẹni tó máa fẹ́ dá ọ lóhùn. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní owó onírin kan, kó ta á sókè níbi tí o kò ti rí i. Bó bá dà orí, kó dáhùn pé «bẹ́ẹ̀ ni», ì báà ṣe òótọ́, ì báà má ṣe òótọ́. Bó bá dà ìdí, kó sọ òótọ́. Ẹni tó bá ní «bẹ́ẹ̀ ni», o ò lè mọ̀ bóyá owó ló sọ ọ́ tàbí òun. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé nǹkan bí 50 ni owó máa mú sọ bẹ́ẹ̀. Bí 60 bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, 10 tó ṣẹ́kù jáde láti ara 50 tó sọ òótọ́, ìyẹn ẹyọ kan nínú márùn-ún. O mọ ti ìlú, o ò mọ ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, torí ó dà bíi pé ẹni tó rò ó ti jókòó rí níbi tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ sí owó. Cynthia Dwork àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò jíjinlẹ̀ kan kalẹ̀ ní 2006 tó bá a tan, ìjọba Amẹ́ríkà sì lò ó fún ìkànìyàn 2020 wọn.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni, ṣá. Ibi tí èèyàn bá ti pọ̀, ó dára. Ibi tí wọ́n bá ti kéré, abúlé kékeré, àwọn tó ní àrùn tó ṣọ̀wọ́n, irọ́ tí a fi bo òótọ́ á bo òótọ́ náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà kejì ni pé kí dátà má kúrò níbi tó wà rárá: kí aṣèwádìí wá bá a nínú yàrá tí wọ́n ń ṣọ́, kó wò ó, kó ṣe ìṣirò rẹ̀, kó gbé èsì lọ. Ẹni tó wọ igbódù, ojú ló fi ń rí i, kì í kó o sápò jáde.

Àwọn ará Yúróòpù ti gbé òfin kan jáde ní 2022 tó sún mọ́ èyí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní tó 45 mílíọ̀nù èèyàn tó ń lò ó lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún aṣèwádìí tí wọ́n ti yẹ̀ wò: kó ní ibi ìwádìí tó wà, kó má ṣe iṣẹ́ fún oníṣòwò, kó sọ ẹni tó ń fún un lówó, kó fi bí yóò ṣe dáàbò bo dátà hàn. Ìlànà ìlò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lóṣù kẹwàá 2025. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé àjọ ìjọba ló ń sọ ẹni tó yẹ. Ilé-iṣẹ́ kọ́. Ẹni tí à ń ṣèwádìí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń yan aṣèwádìí. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé ewu tó bá kan Yúróòpù nìkan ni òfin náà mọ̀. Irọ́ tó ń jà rànyìn ní Ìbàdàn nígbà ìdìbò, kò kàn wọ́n.

Àwa náà ní òfin ààbò dátà láti oṣù kẹfà 2023, ó sì ní eyín díẹ̀. Ní oṣù keje 2024, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta. A rántí àwọn áàpù ayánilówó tó ń kó nọ́ńbà inú fóònù èèyàn, tí wọ́n á máa ránṣẹ́ sí àna àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Òfin ti kọ́ bí a ṣe ń na olè. Kò tíì kọ́ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí olè ń gbèrò, torí kò síbi tó ti fún aṣèwádìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè dátà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí. Bí ẹ bá bi mí, òun ni kí àwọn aṣòfin fi kún un, kí yàrá tí wọn yóò ti máa wò ó sì wà nílẹ̀ yìí.

Ó ku ibì kan tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ rí ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí. Lẹ́yìn tí Ifá bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tú ọkàn wọn, mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè mọ ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé bí wọ́n bá padà wá. Ọmọ náà fẹ́ mọ ohun tó ń gbé èèyàn lọ sọ́dọ̀ babaláwo lásìkò yìí. Mo ní mi ò ní fún un ní ìwé. Mo jókòó, mo ka ti ọdún kan fún un: iye tó wá torí iṣẹ́, iye tó wá torí ọmọ, iye tó wá torí ìrìn-àjò òkè òkun. Ohun tí èèyàn tó mú un wá kò bá tó márùn-ún, mo yọ ọ́ kúrò.

Ó wo ìwé náà títí. Ó ní, «Baba, àwọn tẹ́ ẹ yọ yẹn gan-an ni mo wá torí wọn.» Àrùn kan tí kì í fẹ́ẹ́ jáde lẹ́nu ló ń ṣèwádìí lé lórí, ó ní ilé ìwòsàn kì í rí wọn kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ wọ́n.

Mi ò fún un lórúkọ. Mo ní kó kọ lẹ́tà, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, kó sọ ohun tó ń wá àti ohun tí kò ní ṣe. Mo ń fi lé wọn lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ nǹkan kan lé e. Àwọn méjì ti pè é.